Ilé Ẹbí, Òrùlé Tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, nítorí ó ti sú mi. Bí owó yàrá bá dé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó yá iwájú ilé wa ní Òkukù, ilé ẹbí ni. Bí àgbà kan bá kú, tí a ń wá ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí kí èrò wá wò ó, ilé ẹbí ni. Bí ẹ̀gbọ́n wa Èkó bá fẹ́ ṣe ìyàwó fún ọmọ, tó ń wá ibi tí àlejò ó sùn, áà, ilé ẹbí ni, ṣé a tún ń bi ara wa ni? Àmọ́ kí òjò ṣáà ti ṣú, kí ìjì kó eruku bọ̀ láti ìhà ìlà oòrùn, kí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kíá, ilé ti di tèmi! Wọ́n á pè mí lórí fóònù: "Ilé rẹ yẹn mà tún ń jò, ṣé o ò ní wá nǹkan ṣe sí i ni?" Ilé mi! Èmi tí mò ń gbé yàrá ẹ̀yìn kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, tí n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ayálégbé kankan rí!

Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Òjò àkọ́rọ̀ tọdún yìí bá mi lórí ibùsùn, inú etí ló ti kọ́kọ́ kí mi. Mo sún ibùsùn sápá ọ̀tún, ó bá mi débẹ̀. Mo sún un sápá òsì, èyí tó ń kán lápá ọ̀tún dákẹ́ wẹ́lo, ó lọ ń dúró dè mí lápá òsì. Mo gbé garawa síbí, mo gbé ìkòkò sọ́hùn-ún, mo gbé abọ́ ìfọṣọ, mo gbé ife, mo gbé póò táwọn ọmọ fi ń tọ̀ lóru, títí tí kò fi sí ohun tó ní ìsàlẹ̀ mọ́ nínú ilé, ni ìyá àwọn ọmọ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́yà, ó ní ṣé inú àtẹ́lẹwọ́ mi ni òun ó ti wá se ọbẹ̀ ni.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Ẹnìkan gbé lẹ́ẹ̀sì funfun wá, òkú àgbà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo ti gé e, mo ti fi apá sí i, mo gbé e kọ́ sára ògiri kí n lè rọra jẹ ẹ̀bà mi. Yàrá fẹ̀, ilẹ̀ wà lásán, ògiri mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ibo ni omi pupa láti ara páànù tó ti dógùn-ún wá rí láti kán sí? Àárín àyà lẹ́ẹ̀sì! Olóhun dé, ó wo aṣọ, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, ṣé ẹ fi aṣọ mi dín dòdò ni?" Mo ní òjò ni. Ó ní òjò kì í pọ́n. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn, òjò kì í pọ́n! Kó wá sùn sílé wa lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Wọ́n ń kìlọ̀ fún àgbẹ̀, wọ́n ń kìlọ̀ fún awakọ̀ òfurufú. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rántí kìlọ̀ fún mi nípa ìrọ̀rí tí yóò rọ̀ sí. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ bá odò Ọtìn sọ, ṣebí ńṣe ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sétí odò. Èmi, inú ilé lodò ti ń bá mi. Àwọn àgbà sì sọ ìtàn ogun Jálumi fún wa, lọ́dún 1878, lọ́wọ́ Ìkìrun lọ́hùn-ún, bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń sá tí wọ́n ń já lu omi Ọtìn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jagun, omi ló dìde tó wá já lù mí!

Ìgbà tí mo wá figbe ta, ẹni tí kò gun àkàbà rí láyé ẹ̀ wá di dókítà òrùlé. Ẹ̀gbọ́n wa Èkó fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń mí lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ra sílíkọ́ọ̀nù, fi dí i, ó parí." Bọ̀ọ̀dá tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ní kí n pe àwọn ìṣúráǹsì. Ìṣúráǹsì! Lórí ilé tí bàbá bàbá wa kọ́! Àǹtí kan tó máa ń ríran ní òun rí i pé kì í ṣojú lásán, pé ẹnìkan láti ìdílé ìyá mi ló ń da omi náà sí mi lórí. Aládùúgbò ọ̀tún ní Ọya ló ń bínú. Mo ní kò burú, bí Ọya bá ń bínú, ṣé yàrá èmi nìkan ló mọ̀ ni? Kí ló dé tí kò mọ yàrá ẹ̀gbọ́n wa Èkó níwájú lọ́hùn-ún, tó ti wà ní títì látìgbà tí a ti sìnkú bàbá wa, tí ibẹ̀ gbẹ táútáú, tí ẹni tó ni ín kò sì sùn níbẹ̀?

Mo pe káfíńtà láti Ìníṣà. Ó dé, ó dúró sí àgbàlá, kò gun ohunkóhun, kò fọwọ́ kan ohunkóhun, ó kàn gbójú sókè, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ṣí." Gbogbo ẹ̀! Igi tuntun, àjà tuntun, páànù alumíníọ̀mù gígùn, èyí tó nípọn, 0.55. Ó kọ iye owó ẹ̀ sẹ́yìn páálí ìṣó, ó nà án sí mi. Mo wò ó títí, mo ní kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi bóyá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ká kúkú ṣí gbogbo ẹ̀ ló dára jù. Aládùúgbò kan ṣí gbogbo tiẹ̀. Wọ́n gba owó 0.55 lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gé 0.45 fún un. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ta lojú ẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí ológbò kan ṣoṣo rìn kọjá lórí ẹ̀ lóru, tí gbogbo àdúgbò jí, ni wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.

Káfíńtà kejì ní tiẹ̀ kò gba owó púpọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ara fu mí. Ó béèrè ibi tó ti ń kán, mo fi hàn án, ó gun orí ilé lọ tààrà sí òkè ibẹ̀, ó po ọ̀dà dúdú, ó rẹ́ ẹ mọ́ ọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbowó. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó kán síbi tó ti ń kán gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ síwájú, kò yẹ̀ sẹ́yìn. Mo pè é padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn wí lójú ara mi. Ó ní, "Ti tẹ́lẹ̀ ti tán, bàbá. Omi mìíràn nìyí." Níbi tó ti ń rìn káàkiri lókè láìtọ ojú ìṣó, níbi tí igi wà lábẹ́, ó tún tẹ páànù kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí kò jò rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bá gbọ́ ìròyìn, òun náà bá bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí koríko ni àwọn baba ńlá wa fi ń bolé, ẹ gbọ́ bí ayé ṣe dùn tó. Ní Ọ̀yọ́, ọdún gidi ni wọ́n ń ṣe nítorí òrùlé Aláàfin, ọdún Bẹẹrẹ. Ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin, kí òjò má baà kán sí Ikú Bàbá Yèyé lórí. Ìlú mìíràn ló ń ru koríko bọ̀ o! Èmi, ọmọ bàbá mi kò mú ìṣó kan wá! Bí koríko bá sì jò, ẹ ó gun orí ilé, ẹ ó ki ìdì tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. (Ó máa ń gbiná, mo gbà, kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi jà lórí ìyẹn, ẹ̀dùn ọkàn mi ni mò ń sọ.) Ìgbà tí reluwé wá kúrò l'Ékòó, tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tó la Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù yìí kọjá, tó fi dé Jẹ́bà lọ́dún 1909, ọ̀làjú wọ̀lú, páànù bá ọ̀làjú wọlé, ọlọ́lá ò fojú koríko wolé mọ́. Ọ̀làjú tó ń yan mí lọ́sàn-án, tó ń pariwo sí mi lóru, tó ń tọ̀ sí mi lára bó bá di oṣù kẹsàn-án!

Òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, wá jókòó láàárín wa ní Òkukù ní nǹkan bí ọdún 1975, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyá wa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó jáde lọ́dún 1991. Ó dáa. Kó tún padà wá. Kó wá kọ tèmi: ọmọ a-gbé-garawa-gbòjò, ọmọ a-ṣí-agboòrùn-sùn-nínú-yàrá, ọmọ a-sún-ibùsùn-kiri-ilé-bàbá-ẹ̀.

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí bàbá arúgbó kan wá gba ṣòkòtò tó gbé fún mi rán. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá náà nígbà ayé ẹ̀, ó ti gbé ayùn kọ́gi. Ó bá mi níbi tí mo ti ń bá àjà jà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dákẹ́ ná. Níbo ló ń gbà wọlé?"

Mo nawọ́ sókè ibùsùn.

"N kò bi ọ́ níbi tó ti ń kán. Mo ní níbo ló ń gbà wọlé?"

Ẹ wò ó, látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Bàbá ní omi kì í sábà já sílẹ̀ lójú ibi tó bá gbà wọlé. Ara igi ló ń tọ̀ lọ, yóò máa yọ́ lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi kan ojú kókó igi tàbí orí ìṣó kan, níbẹ̀ ni yóò wá sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ó ní kí n má fowó mi ṣòfò, kí n dúró dìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí, kí a ṣí àjà, kí a gòkè láìtan iná.

A gòkè. Ooru! Ìgbẹ́ àdán! Gbogbo ara mi dòógùn, àmọ́ nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti rí ohun tí àwọn aráyé ti fi ṣe mí. Ojú ihò wínníwínní, oòrùn ń gba inú wọn wọlé tín-ín-rín tín-ín-rín, láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé dé òpin. Bàbá mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ihò, kí ẹni tó bá máa gun orí ilé lè rí gbogbo wọn láti òde. Ó gba ṣọ́ọ̀kì télọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń fi sàmì sí ipa omi lára igi, ibi tó ti dúdú àti ibi tó ti hu funfun. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí mo bọ́ sí àgbàlá tí mo wòkè, ẹ̀yin ará, òrùlé ilé bàbá mi dà bí ẹ̀yìn òòrẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Omi tó ń kán sí mi létí, ṣé ẹ mọ ibi tó ń gbà wọlé? Orí yàrá ẹ̀gbọ́n wa Èkó! Yàrá tó gbẹ táútáú! Ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, ní góńgó òrùlé, kò kán sí ẹ̀gbọ́n wa, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó tọ igi, ó gba orí yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, kò kán sí wọn, ṣebí wọ́n ń sanwó, ó kọjá lórí pálọ̀, ó ń yọ́ bọ̀, ó ń yọ́ bọ̀, títí tó fi dé yàrá ẹ̀yìn, ó wá sọ pé áà, ẹni mi nìyí. Omi tí kò lójú, tí kò létí, òun náà ti mọ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ nínú ẹbí yìí!

Bàbá sì mọ ìtàn ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ti òpó ẹ̀ríàlì tí ẹ̀gbọ́n wa Èkó ní kí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lókè nígbà kan tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Èyí ni ti dííṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èyí ni ti òkúta táwọn ọmọ àdúgbò ń sọ sí máńgòrò wa, tí máńgòrò kì í já, àfi kí páànù lu. Èyí ni ti oníná tó wá fa wáyà. Èyí ni ti àwọn tó ta kánópì nígbà òkú, tí wọ́n so okùn mọ́ etí òrùlé tí wọ́n sì fà á bí ó ti wù wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti wọlé yìí rí ló fi ihò sílẹ̀ fún mi, kò sẹ́ni tó fi ìṣó sílẹ̀!

Káfíńtà tó kan òrùlé náà látijọ́ kò sì kúkú ṣàánú mi. Páànù ní òkè, ó ní kòtò. Kòtò lomi ń gbà lọ, nítorí náà orí òkè ló yẹ kéèyàn kan ìṣó sí. Ọ̀gá yìí kan púpọ̀ nínú wọn sí kòtò, bóyá ó rò pé omi yóò máa fò wọ́n kọjá. Ibi tí páànù kan ti gun èkejì, ó yẹ kí ẹnu ẹ̀ kẹ̀yìn sí ibi tí ìjì ń gbà wá. Ìlà oòrùn ni ìjì ti ń wá bá wa níhìn-ín, ọmọdé tó ń ká aṣọ nínú oòrùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kọ ẹnu gbogbo wọn sí ìlà oòrùn, wọ́n yanu, òjò ń wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Rọ́bà abẹ́ ìṣó tún ti gbẹ, ó ti là. Ọ̀sán ń na páànù, òru ń sún un kì, lọ́dọọdún ni ìṣó ń yọrí díẹ̀díẹ̀.

Mo lọ sí Ìkìrun lọ ra ìṣó. Oníṣọ́ọ̀bù wọn ìṣó fún mi, mo sanwó, mo ti ń lọ kí n tó rí i pé kò ní rọ́bà nídìí. Mo padà. Ó ní, "Ẹ ò béèrè rọ́bà." Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀! Ṣé bí mo bá ra bàtà, mo tún gbọ́dọ̀ béèrè àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ni? Mo ra rọ́bà, mo ra ìdérí góńgó òrùlé, mo ra ọ̀dà, mo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó wọn délé, onítọ̀hún gba owó ẹrù, ó tún gba owó òórùn ọ̀dà.

Bàbá jókòó sórí àga lábẹ́ máńgòrò, ó ń pàṣẹ, ọmọ iṣẹ́ mi àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ wà lókè. Wọ́n yọ ìṣó inú kòtò, wọ́n kan tuntun sórí òkè. Wọ́n pààrọ̀ páànù tí ọ̀gá omi-mìíràn tẹ̀ tẹ́. Àwọn ihò tó kù, bàbá ní ọ̀dà lásán kò níí dúró, oòrùn yóò là á. Ó ní kí n mú àjákù aṣọ wá. Kákì oníbàárà kan ló kù nílẹ̀, a gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, a tún kun ọ̀dà lé e. Olókákì ti wá béèrè àjákù rẹ̀. Ó ní yóò tó fi rán ṣòkòtò ọmọ òun.

Bàbá wá ní ó ku ká dán an wò. Ó ní ká da omi sí i láti ìsàlẹ̀, ká máa gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi ẹyọ kan ni yóò gba ojú gbogbo ihò kọjá, a kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Ó dáa. Ta ló máa wá pọn omi? Ẹ má dá mi lóhùn! Èmi tí mo ti ń sá fún omi láti oṣù kẹta, èmi ni mo dúró sídìí kànga tí mò ń fà á, garawa lórí garawa, ẹ̀yìn ń ro mí, mò ń gbé e fún wọn kí wọ́n dà á sórí ilé tí mò ń gbé, lójú ọ̀sán, tí oòrùn ń ràn! Ọmọ aládùúgbò dúró, ó wò wá, ó sáré lọ pe ìyá ẹ̀: "Màámi, ẹ wá wo Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, wọ́n ń bomi rin ilé!"

Kò kán. Òjò gidi dé lẹ́yìn ìyẹn, ó rọ̀ mọ́jú, kò kán. Mo ya fọ́tò òrùlé, mo fi sórí Wáásáàpù ẹbí, mo kọ iye tí mo ná sí i kedere. Wọ́n dákẹ́. Mo rí i pé gbogbo wọn ti kà á. Wọ́n dákẹ́ títí ọ̀sẹ̀ fi fẹ́ parí, ni ẹ̀gbọ́n wa Èkó bá kọ̀wé, ó ní, "Ta ló fún ọ láṣẹ láti fọwọ́ kan ilé ẹbí láìpèpàdé?" Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀n ní òpó ẹ̀ríàlì tí a yọ ńkọ́, níbo ni mo tà á sí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn máa yọ díẹ̀ kúrò nínú owó yàrá nítorí dííṣì àwọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ti wá fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n kó rìsíìtì gbogbo ìṣó wá, kí n yá àga sílẹ̀, kí n sì ra mínírà fún àwọn àgbà, èyí tó máa wálé láti Èkó àtèyí tó wà nítòsí. Àǹtí tó máa ń ríran ní kí ti òun jẹ́ èyí tó tutù nini, ó ní òun ti rí i pé mo máa rí iná tan.